Awọ Ni àbí Ọ̀gbọ̀?

Ìlà mẹ́rin péré ló wà nínú lẹ́tà tó ti ilé àyẹ̀wò Áténì wá, ṣùgbọ́n ìlà kẹta ló da ìlú Mavrolithi rú. Ó ní fọ́nrán òwú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn, èyí tí wọ́n sọ pé ó wá láti inú sàárè jagunjagun kan tó ti wà nínú ilẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àti ọ̀ọ́dúnrún, kò tíì pé ogójì ọdún láyé.

Poliksẹni Tzima ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Oṣù Kìíní ni. Kùrukùru ti pọ́n òkè wá láti etí odò, ó ti gbé ìdajì ìlú mì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù tí èèyàn fi ń mọ ibi tí ojúde wà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Poliksẹni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, láti Kozani ni wọ́n ti rán an wá. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Melbourne, ọjọ́ Sọ́ńdè ló máa ń pè é lórí fóònù. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, àwọn tó ń purọ́ fún un ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ jù.

Ọlọ́pàá ìlú náà kò dúró dè é. Láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n ti mú Zisis, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, adájọ́ sì ti ní kó wà látìmọ́lé. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá sọ fún Poliksẹni pé ẹjọ́ ti parí, ìjẹ́wọ́ ló kù. Ẹnì kan ti jí ojúlówó ohun tí wọ́n hú nínú sàárè, ó fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló ń ṣí yàrá ìpamọ́. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Dókítà Kaliroi Damaskou, awalẹ̀pìtàn tó hú sàárè náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi òwú ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, olè kì í ké sí ọlọ́pàá. Èkejì wà lọ́wọ́ Zisis. Wọ́n sì ti bá fọ́tò ohun tó sọnù nínú fóònù Zisis, ó ti fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Jámánì.

"Ta lẹni yẹn?" Poliksẹni béèrè.

"Kò sọ fún wa."

"Ojúlówó yẹn ńkọ́, níbo ló wà?"

"Kò sọ ìyẹn náà."

Poliksẹni kò bá a jiyàn. Ó béèrè ọ̀nà yàrá ìpamọ́.

Ìnàró ni Dókítà Kaliroi wà tó fi gbà á lálejò. Obìnrin gíga ni, ewú ti gba orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le bíi ti àgbẹ̀. Ó ròyìn bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láìfi iyọ̀ sí i. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ṣí sàárè náà. Ìgbàyà onírin ni wọ́n fi sin jagunjagun ọ̀hún, ó ti dípẹtà débi pé ó pọ́n bí amọ̀. Nínú ìgbàyà yẹn, níbi ìhà òsì, ohun kan lẹ̀ mọ́ irin, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kaliroi ṣí i kúrò lára irin tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀, ó gbé e wá sórí tábìlì Barba Asterios, bàbá tó ti ń tọ́jú ohun àtijọ́ níbẹ̀ láti ogójì ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá náà fi abẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó parí, aṣọ ọ̀gbọ̀ ló jáde, ìpele mẹ́sàn-án tí wọ́n rán pọ̀.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́?" Kaliroi béèrè. "Ìwé àtijọ́ sọ pé àwọn baba wa wọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ lọ sógun. Àwòrán irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ wà lára ìkòkò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ máa ń jẹ aṣọ, ó máa ń jẹ awọ, idẹ àti irin nìkan ló ń ṣẹ́ kù fún wa. Kò sẹ́ni tó tíì rí odindi ẹ̀wù náà fọwọ́ kàn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá wọn jà pé awọ ni."

"Ẹ̀yin lẹ sì fi òwú náà ránṣẹ́ sí Áténì."

"Ó já bọ́ létí aṣọ náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó máa sọ fún mi pé mo ti ṣìnà láti ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ mí."

Poliksẹni wojú rẹ̀. Kò rí irọ́ níbẹ̀, agara ló rí.

Ó bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ojúlówó náà níbikíbi tó bá wà. Kaliroi ní tó bá jẹ́ awọ ni, tó sì wà nínú báàgì olè, a jẹ́ pé ó ti di ìyẹ̀fun. Bó bá gbẹ, á fọ́. Bí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù, á jẹrà. Ọmọ ọwọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó yè gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

Nígun yàrá náà, bàbá arúgbó kan jókòó ti fèrèsé, ó ń nu ìdí ìkòkò. Barba Asterios nìyẹn. Poliksẹni bi í ní ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin. Ó dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó pè é ní Kiría bí wọ́n ṣe ń pe ìyáàfin níbẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ohun tí wọ́n gbé síwájú mi ni mo nù, Kiría. N kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Nígbà tí Poliksẹni dé ẹnu ọ̀nà, ó pè é padà.

"Zisis ńkọ́? Ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ gbígbóná?"

Oúnjẹ gbígbóná wà níwájú Zisis, kò fọwọ́ kàn án. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá ti mú un wọ inú ara rẹ̀ lọ. Poliksẹni jókòó, ó gbé ìwé ńlá kan kalẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìwé ìwọlé-ìjáde ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni.

"Mo ti pe nọ́ńbà Jámánì yẹn," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló gbé e. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó sunkún sí mi létí títí. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ya fọ́tò nǹkan ibẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó rí i ni. N kò sì fẹ́ kí ọlọ́pàá máa pè é."

"Ó dáa. Wo ìwé rẹ. Mọ́ńdè, báírò búlúù lo fi kọ àkókò tí o dé, dúdú lo fi kọ àkókò tí o lọ. Túsìdeé náà, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Báírò tó bá sún mọ́ni lèèyàn ń mú. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, báírò kan náà ni, bí ẹni tó kọ méjèèjì kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Níbo lo máa ń lọ lọ́jọ́ Sátidé?"

Zisis wo ìwé náà bí ẹni tó rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ ló wà lọ́sibítù ní Kozani láti oṣù Kẹsàn-án, ó ní, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá a jà. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń lọ láàárọ̀ Sátidé, ọ̀kan ló ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ó ń fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á lé e. Ó rò pé ọjọ́ méjì ni wọ́n á fi mú olè gan-an, wọ́n á sì tú òun sílẹ̀, kò sídìí tó fi máa tú àṣírí ara rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ta ló máa ń kù nínú ilé?"

"Dókítà máa ń lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Tẹsalóníkà. Barba Asterios nìkan ló máa ń kù. Mo máa ń ṣí yàrá sílẹ̀ fún un." Ó gbé ojú sókè kíá. "Kiría, ẹ má rò ó síbẹ̀. Barba Asterios kì í ṣe ẹni tí à ń ṣọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò."

Poliksẹni kò rò ó síbẹ̀, kò tíì rò ó. Lọ́jọ́ kejì ló gbọ́ pé àlejò kan dé sí ilé ìtura ìlú náà nínú oṣù Kọkànlá, pé ó gbé kámẹ́rà gígùn kan lọ́wọ́, ó sì ń béèrè ọ̀nà ibi sàárè. Ó fi gbogbo àárọ̀ wá ọkùnrin náà lórí fóònù, láti Bitola dé Sófíà. Nígbà tó rí i, olólùfẹ́ ẹyẹ ni. Ẹyẹ òfú ló ń lé kiri etí adágún. Ibi sàárè wà lórí òkè, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti lè rí gbogbo omi. Ó fi fọ́tò ẹyẹ mẹ́rìnlélógójì ránṣẹ́ sí Poliksẹni láìjẹ́ pé ó béèrè. Poliksẹni wò wọ́n tán. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló padà sọ́dọ̀ Kaliroi, ó ní òun fẹ́ rí irin náà.

Wọ́n gbé ìgbàyà ọ̀hún jáde lórí pákó, àwọn àfọ́kù rẹ̀ tò síra wọn bí egungun. Poliksẹni tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀, níhà òsì. Ìpẹtà dà bí ìyẹ̀fun pípò. Ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ irin nígbà tó ń dípẹtà, àmì rẹ̀ á kù síbẹ̀, kódà bí ohun náà bá ti jẹrà dànù. Ó tẹ ojú mọ́ ọn. Kò rí ìlà òwú kankan tó gba orí ara wọn kọjá. Ihò tíntìntín ló rí, wọ́n ṣùjọ mẹ́ta-mẹ́ta, ibi tó kù ń dán. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ iná kan náà.

"Ihò irun nìyí," ó ní.

"Awọ ewúrẹ́," ni Kaliroi wí. "Mo rí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀gbọ̀ jáde lórí tábìlì, gbogbo ayé ní ojú ló tàn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi òwú ránṣẹ́."

Poliksẹni fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín," ó wí. "Ká ní èmi ni olè. Mo fẹ́ jí awọ tó ti gbó, mo fẹ́ tà á fún ọlọ́rọ̀ kan lókè òkun, n kò sì fẹ́ kẹ́ni kankan mọ̀. Kí ni màá fi rọ́pò rẹ̀?"

"Awọ mìíràn."

"Ṣé ó ṣòro láti rí nílùú yìí?"

Kaliroi ronú. "Kò sí abà kan tí ẹ ò ní rí gàárì ìbaaka nínú rẹ̀, ti bàbá-bàbá wọn. Ẹ gé e, ẹ rì í sínú ẹrẹ̀, ó parí."

"Ẹni yìí fi awọ sílẹ̀, ó lọ wá ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ran, tí wọ́n fi ọwọ́ hun, tí wọ́n fi ọwọ́ rán ní ìpele mẹ́sàn-án. Ó yan ohun tó ṣòro. Ó yan ohun tí yóò pariwo. Olè kì í fẹ́ ariwo, Dókítà. Ẹni yìí kò fẹ́ ta nǹkan kan. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé sọ pé ọ̀gbọ̀ ni."

Kaliroi mú maikirosíkóòpù wá láìjẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Òwú ayédèrú náà hàn lábẹ́ rẹ̀ bí okùn ọkọ̀ ojú omi, ó lọ́ sí apá òsì. Kaliroi ní èyí ya òun lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀: gbogbo òwú tí wọ́n ti rí nínú ilẹ̀ àfonífojì yìí, apá ọ̀tún ni wọ́n lọ́ sí. Poliksẹni na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ó fi àtàǹpàkò yí igi ìranwú tí kò sí níbẹ̀, bó ṣe rí i tí ìyá ìyá rẹ̀ ń ṣe é nígbà kan. Ó tún fi ọwọ́ òsì ṣe é. Ó wo ibi tí ìka rẹ̀ lọ.

"Ọlọ́wọ́ òsì ló ran òwú yìí," ó ní. "Ta ló ń ran ọ̀gbọ̀ nílùú yìí?"

Kaliroi ní kò sẹ́nì kan mọ́.

Kò sẹ́nì kan mọ́, ni Thomai náà wí. Thomai ló ni ilé kọfí ojúde. Obìnrin tó mọ ohun tí oníkálukú ń jẹ ni, ó sì mọ ẹni tí kì í jẹun. Ọkùnrin mẹ́ta jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tábìlì tirẹ̀, wọ́n ń wo ààrò iná bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Poliksẹni béèrè ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ọtí tsípúrò kékeré. Ó mú ọ̀rọ̀ ọ̀gbọ̀ wá bí ẹni tó ń fi ṣeré.

"Evanthia ló ṣe é kẹ́yìn," ni Thomai wí, ó nawọ́ sí ara ògiri. "Ìyàwó Barba Asterios, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ọdún kẹfà rèé tó ti lọ."

Fọ́tò àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ọjọ́ ìkórè ni. Obìnrin kúkúrú kan dúró láàárín àwọn èèyàn, ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tó ń bá ẹni tó ń ya fọ́tò jiyàn. Igi ìranwú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni.

Thomai bá ọ̀rọ̀ náà lọ, ẹni tó ní ìtàn lẹ́nu ni. Ó ní Evanthia ló ń gbin ọ̀gbọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń rẹ ẹ́ sínú odò, ó ń lù ú, ó ń ran án. Nígbà kan ó rán odindi ẹ̀wù ogun, bí irú èyí tó wà lára ìkòkò, ó gbé e wá sí ìpàdé àwọn awalẹ̀pìtàn ní gbọ̀ngàn ìlú. Ó dìde, ó ní báyìí ni wọ́n ṣe é, kí wọ́n gún un lọ́bẹ wò. Dókítà kan tó wá láti Tẹsalóníkà ní, "Kiría, ẹ padà sídìí aṣọ tábìlì yín." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́?" Poliksẹni béèrè.

Thomai nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn."

Evanthia kò tún tẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́. Láti ìgbà tó sì ti kú, Barba Asterios kì í dáná. Ilé kọfí ló ti ń jẹ tọ̀sán-tòru. Thomai ní kò sí iyọ̀ pàápàá nílé rẹ̀.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi bú sẹ́rìn-ín nínú oṣù Kọkànlá," ó ní, "nígbà tí wọ́n ń gbé fíríìjì tuntun gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Mo ní, Barba, kí lẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀? Bàtà yín?"

Poliksẹni gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Kò parí ọbẹ̀ náà.

Ilé Barba Asterios wà níparí ọ̀nà olókùúta, níbi tí kùrukùru ti nípọn jù. Bàbá náà ṣílẹ̀kùn kí Poliksẹni tó kànkùn tán. Yàrá náà mọ́, ó tutù, àga méjì, tábìlì kan, òfì kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó ní kó jókòó. Ó bi í bóyá ó fẹ́ tíì.

"Omi ni mo fẹ́, Barba. Omi tútù."

"Omi ẹ̀rọ tutù tó bẹ́ẹ̀ nínú òtútù yìí, ọmọ mi."

"Ti inú fíríìjì ni mo fẹ́."

Ẹ̀rọ fíríìjì ń kùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ohùn kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà nìyẹn. Bàbá náà lọ síbẹ̀, ó ṣí i. Kò sí omi nínú rẹ̀, kò sí oúnjẹ. Àpótí ike kan ló wà láàárín, ẹ̀rọ kékeré tí ń ka ọ̀rinrin wà lórí rẹ̀, ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti kọ nọ́ńbà sínú ìwé náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, láti oṣù Kọkànlá.

"Ó wà láàyè," ni Barba Asterios wí. "N kò jẹ́ kó kú."

Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ yẹn, Evanthia délé, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ẹ̀wù náà sí wẹ́wẹ́, ó fi ń gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná. Ẹyọ kan ni ọkọ rẹ̀ rí gbà sílẹ̀, ó fi pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún náà wá. Nígbà tí Kaliroi gbé erùpẹ̀ sàárè wá síwájú rẹ̀, tó ti fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, awọ ló rí.

"Mo jókòó tì í," ó ní. "Mo ní, ṣé bó ṣe máa parí náà nìyí? Wọ́n á sọ pé awọ ni, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, kò sẹ́ni tó tún máa rántí pé obìnrin kan dìde nínú gbọ̀ngàn. Mo kúrò lórí awọ náà, n kò nù ún mọ́. Mo fi ẹrẹ̀ sàárè àti omi ìpẹtà kun aṣọ Evanthia, mo fi rọ́pò awọ náà. Ó kéré, mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ gé e fún àyẹ̀wò láéláé. N kò ro ti òwú kan tó lè já bọ́."

"Zisis ńkọ́?"

Ó bojú. "Lójoojúmọ́ ni mo ń wọ bàtà láti wá sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ojúde, á yà sí ilé kọfí."

"Bàbá rẹ̀ wà lọ́sibítù, Barba. Sátidé méjì ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà."

Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Poliksẹni rí i pé kò mọ̀. Arúgbó náà dìde, ó lọ wọ bàtà rẹ̀.

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fúnra òun gbé àpótí náà, torí kò gbọdọ̀ fì. Poliksẹni gbà fún un. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà olókùúta nínú kùrukùru, bàbá náà gbá àpótí mọ́ àyà, Poliksẹni di ìgúnpá rẹ̀ mú kó má baà yọ̀ ṣubú. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni pàdé lójú ọ̀nà.

Wọ́n tú Zisis sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò dúró de bẹ́líìtì rẹ̀ láti wọ̀ ọ́, ọwọ́ ló fi mú un tó fi sáré bá bọ́ọ̀sì. Nígbà tó dé ọsibítù, bàbá rẹ̀ bi í pé níbo ló wà láti ọjọ́ yìí. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, adájọ́ ní kí Barba Asterios dúró nínú ìlú de ìgbẹ́jọ́, kò sì gbọdọ̀ yọjú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò sẹ́ni tó ní kó má wá sí ilé kọfí, ṣùgbọ́n kò tún wá. Thomai ló ń gbé àwo oúnjẹ gun òkè fún un, ó ń gbé e síwájú ilẹ̀kùn, ó ń kànkùn, ó ń lọ.

Oṣù Kẹta ni Kaliroi pe Poliksẹni. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní ilé àyẹ̀wò Tẹsalóníkà ti parí iṣẹ́ lórí àfọ́kù náà, wọ́n ti nù ún dé ìsàlẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ni, kò sí iyèméjì, ibi tó kan irin. Ṣùgbọ́n lábẹ́ awọ náà, níbi tí erùpẹ̀ ṣì wà nígbà tí Barba Asterios gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ìpele ọ̀gbọ̀ méjì ló wà, wọ́n rán an mọ́ awọ pẹ̀lú òwú tó nípọn. Ọjọ́ mẹ́ta sí i ni ìbá fi nù ún, ìbá ti rí i.

"Èmi gba ìdajì, obìnrin yẹn gba ìdajì," ni Kaliroi wí. "Mo ti gbìyànjú láti rántí ojú rẹ̀, Kiría Poliksẹni. Wọ́n ní èmi ni mo sọ̀rọ̀ aṣọ tábìlì yẹn sí i nínú gbọ̀ngàn. N kò rántí. N kò rántí pé mo tilẹ̀ sọ ọ́."

Poliksẹni lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Mavrolithi. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, ọmọ rẹ̀ ti pè, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tán. Ó wọ ọkọ̀, ó wakọ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Àwo oúnjẹ Thomai ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti tutù. Ó gbé e wọlé. Barba Asterios ti rù sí i. Poliksẹni sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí Kaliroi ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Bàbá náà tẹ́tí láìmira.

"Ọ̀gbọ̀ wà níbẹ̀," ó wí.

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé Dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? Pé Evanthia gba ìdajì?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ìdajì," ni Barba Asterios wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó jáde gba imú. "Evanthia kò ní gbà. Títí di Ọdún Àjíǹde ni ìbá fi bá wọn jà lórí ìdajì tó kù. Ìbá jí mi láàárọ̀ tòun ti ìjà náà." Ẹ̀rín rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Ó wo aṣọ tó bo òfì. "Mo rò pé ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kò gbà fún un. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ariwo rẹ̀ ni mò ń wá kiri ilé."

Níta, ẹnì kan ń pe ajá rẹ̀ nínú kùrukùru, ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi jìnnà.

Poliksẹni bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga. Ó jókòó. Ó ní kó sọ ọ́ fún òun, bí Evanthia ìbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá náà ronú díẹ̀. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀.